Ta Ló Dúró Níwájú Rẹ̀?

Ní ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọ ilé wa ní Ìbà, ó ní láti gbé ojú sókè kó tó lè bọ àbúrò mi lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́sàn-án ni àbúrò mi ga, bẹ́ẹ̀ kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Láti Ìyànà-Ìbà dé Òkòkòmàíkò, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ dánfó mọ̀ ọ́n dáadáa. Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè é, wọn a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó san owó èèyàn méjì nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àlejò wa kò ṣe yẹ̀yẹ́ ní tirẹ̀. Ó ní òun ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́tì, wá ẹgbẹ́ ní òkè òkun. Bí a bá lè wá mílíọ̀nù méjì náírà, ó ní àbúrò mi kò ní í parí ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì Ọ̀jọ́ kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ orúkọ Hakeem Olajuwon rí?”

“Ta ni kò gbọ́ ọ?”

“Ọmọ Èkó ni. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Òun náà pẹ́ kó tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní básíkẹ́tì.”

Òtítọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, ohun tó sì dẹ́rù bà mí nìyẹn. Kó tó di alẹ́, Bàbá ti ń dárúkọ ààbọ̀ pọ́lọ́ọ̀tì tó kù wá kù, èyí tí Ìyá wa ti ra búlọ́ọ̀kù sí díẹ̀díẹ̀.

Èmi ni mo máa ń kọ pọ́ìǹtì sílẹ̀ nígbà tí àbúrò mi bá ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Nínú ìdíje méje, pọ́ìǹtì mọ́kànlélógún ló ń jẹ ní ìdíje kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ti ń yangàn pẹ̀lú ìwé yẹn. Àmọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, orúkọ ẹlòmíràn ni mo rántí.

Ní 1984, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ní Amẹ́ríkà ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn lọ́dọọdún, Olajuwon ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Michael Jordan ló ṣe ẹ̀kẹta. Ní 1998, ẹlòmíràn tí wọ́n bí ní Èkó ni wọ́n tún kọ́kọ́ mú: Michael Olowokandi, tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun náà tó ẹsẹ̀ bàtà méje, òun náà sì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Láti Lọ́ńdọ̀nù ló ti fi ara rẹ̀ pe University of the Pacific ní California lórí fóònù, tó ní òun fẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ní ọdún tó lò kẹ́yìn níbẹ̀, pọ́ìǹtì 22.2 ló ń jẹ ní ìdíje kọ̀ọ̀kan. Olajuwon, ní ọdún tó lò kẹ́yìn ní yunifásítì Houston, 16.8 péré ni.

Bí ẹ bá fi ìwé pọ́ìǹtì nìkan ṣèdájọ́, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni ẹ ó mú?

Olajuwon gba ife-ẹ̀yẹ NBA ní 1994 àti 1995, bọ́ọ̀lù 3,830 ló sì fi ọwọ́ gbá dànù kó tó fẹ̀yìn tì. Kò tí ì sí ẹni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olowokandi lo sáà mẹ́sàn-án, pọ́ìǹtì 8.3 ló sì ń jẹ. N kò fi í ṣẹ̀sín o. Ẹsẹ̀ dá a lóró, ẹgbẹ́ tó sì mú un ti pàdánù ìdíje 65 nínú 82 ní ọdún tó ṣáájú. Sáà mẹ́sàn-án ní NBA kì í sì í ṣe eré ọmọdé. Ṣùgbọ́n Vince Carter, Dirk Nowitzki àti Paul Pierce wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un.

Lójú tèmi, ohun tí wọn kò wò tó ni ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ nígbà tó ń jẹ pọ́ìǹtì wọ̀nyẹn. Àwọn òmìrán kò pọ̀ ní líìgì tí Pacific wà. Olajuwon ní tirẹ̀ bá Patrick Ewing fojú kojú ní àṣekágbá 1984, Ewing sì borí. Ní àkókò ìsinmi, Moses Malone, ọ̀kan nínú àwọn tó le jù ní NBA nígbà náà, ló ń bá gbá bọ́ọ̀lù ní gbọ̀ngàn ìṣeré kan ní Houston, ìyẹn a sì máa fi èjìká tì í káàkiri. Níbẹ̀ ni ọmọ tó ń jẹ pọ́ìǹtì 8.3 ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti di géńdé.

Ayé òde òní tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Udoka Azubuike, tí wọ́n bí ní Èkó, gbá bọ́ọ̀lù fún Kansas. Nínú 100 tó bá jù, ó lé ní 74 tó ń wọlé, síbẹ̀ ipò kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n mú un sí ní 2020. Wọ́n ti ń fẹ́ kí ẹni gíga lè ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kó sì lè sáré tẹ̀ lé àwọn kúkúrú.

Mo ṣí ìwé mi. Nínú ìdíje méje yẹn, ẹni tó ga jù tó dúró níwájú àbúrò mi kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́ta lọ.

“Ṣé o fẹ́ dí àbúrò rẹ lọ́nà ni?” Ohun tí Bàbá bi mí nìyẹn. Ó dùn mí, nítorí mo ti bi ara mi ní ìbéèrè náà kó tó bi mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní Sátidé mẹ́rin.

A lọ sí Rowe Park ní Yaba. (Rélùwéè aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ní yóò dé Òkòkòmàíkò bẹ̀rẹ̀ ní 2023, Máìlì Tú ló sì dúró sí, dánfó la wọ̀ dé ibẹ̀.) Bàbá kan tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí kò ga tó àbúrò mi, ló dúró tì í. Ó fi ìdí tì í, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, ó gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Pọ́ìǹtì mẹ́rin ni mo kọ sílẹ̀.

Mo rò pé yóò sunkún nínú ọkọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, nígbà tí a dé Máìlì Tú, ó yíjú sí mi: “Àǹtí mi, ṣé ẹ rí ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ sí kó tó tì mí?”

Ní Sátidé kejì, òun nìkan ló lọ. Ní Sátidé kẹrin, pọ́ìǹtì mẹ́sàn-án ni, bàbá náà sì ní kó máa dé ní aago méje kí àwọn yòókù tó dé, kí òun lè fi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ hàn án.

“Èló ló ní o máa san?” Bàbá wa bi í.

“Ó ní kí n máa mú pọ́ọ̀ wọ́tà dání.”