Oúnjẹ Tútù fún Ìgbà Ooru

Ẹni tó bá ń gbọ́ orúkọ Jápáànì láti òkèèrè a máa rò pé ilẹ̀ òtútù ni. Àwa tí a ń gbé ìlú Kobe mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án, ooru ibẹ̀ a máa mú bí ẹni tó jókòó ti ààrò, aṣọ a lẹ̀ mọ́ni lára, ọ̀fun kò sì ní fẹ́ ohun gbígbóná rárá. Ìgbà náà ni àwọn onílùú máa ń jẹ somen.

Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà pé oúnjẹ tó bá ti tutù ti di àjẹkù, ó kọ́kọ́ ṣòro fún mi láti gbà pé ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ da yìnyín sórí oúnjẹ. Ẹ̀kọ nìkan ni a ń jẹ ní tútù nílé wa, òun náà sì rèé, àkàrà gbígbóná la fi ń jẹ ẹ́.

Kí ni somen? Àlìkámà, iyọ̀ àti omi ni. Wọn a po ìyẹ̀fun náà, wọn a fi òróró pa á lára kí ó má baà lẹ̀ pọ̀, wọn a lọ́ ọ, wọn a fà á, wọn a jẹ́ kí ó sinmi, wọn a tún fà á, títí yóò fi tín-ín-rín bí òwú. Èyí tí ẹ̀rọ bá ṣe, ìlànà ilẹ̀ Jápáànì ni pé ìbú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó 1.3 mìlímítà, bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ mìíràn ni yóò máa jẹ́. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń ṣe é, tí wọ́n ń sá a gbẹ, ìgbà ooru ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Miwa ní Nara ni wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n apá Tatsuno, ní ìpínlẹ̀ Hyogo kan náà tí Kobe wà, ni èyí tí a ń pè ní Ibonoito ti ń wá. Èyí tó bá ti lò ju ọdún kan lọ nínú ilé ìpamọ́ a máa níyì ju tuntun lọ. Ó yà mí lẹ́nu púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Sísè rẹ̀ kò le, ó kàn fẹ́ ojú lára ni. Ìdì kọ̀ọ̀kan a máa tó 50 gíráàmù. Ìdì méjì tó àgbàlagbà kan. Ẹ gbé omi tó lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kaná. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó pò ó. Bí omi bá ti ń hó yaya, ẹ fọ́n ọn sínú rẹ̀, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ti tó. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn lásìkò yìí o, bí ó bá fi lè pẹ́ jù, ó di ẹ̀kọ nìyẹn. Ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ da omi tútù lé e lórí, kí ẹ sì fọ̀ ọ́. Fífọ̀ yìí ni àwọn àlejò kì í kà sí. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń ra á bí ẹni ń fọ aṣọ, nítorí òróró tí wọ́n fi pa á lára, títí omi rẹ̀ kò fi ní funfun bí omi ògì mọ́. Lẹ́yìn náà ni yìnyín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni omi ọbẹ̀ tí a ń kì í bọ̀. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Konbu, ewéko inú òkun, ni èkínní. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda yẹ̀ wò ní 1908 tó fi rí adùn tó pè ní umami. Èkejì ni katsuobushi, ẹja tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n fi èéfín yan, títí tó fi le bí igi, kí wọ́n tó fá a pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́. Ẹni tó bá mọ adùn ẹja gbígbẹ nínú ọbẹ̀ wa kò jìnnà sí èyí. Ẹ̀kẹta ni shoyu, omi dúdú tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà àti àlìkámà ṣe. Ẹ̀kẹrin ni mirin, òun ni ẹjọ́ dé sí.

Mirin, ọtí ni. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é, ọtí inú ojúlówó rẹ̀ sì tó ìdá 14 nínú 100. Òun ló ń fún omi ọbẹ̀ ní adùn àti dídán. Àwọn kan a máa sọ pé bí ó bá ti hó lórí iná, ọtí inú rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tán pátápátá. Ní tèmi, n kì í bá wọn jiyàn, n kì í sì í jẹ ẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé somen wà lára ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ara wọn nígbà ooru, tí wọ́n ń pè ní ochugen. Màmá kan wà nísàlẹ̀ ilé tí a ń gbé, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì ń dá gbé. Ní ọdún kejì wa níbẹ̀, ó gbé àpótí onígi kan wá fún wa, somen kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ìgò omi ọbẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè. Mo bi í bóyá mirin wà níbẹ̀. Ó ní, “Ó wà níbẹ̀ dáadáa!” Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé mo mọ oúnjẹ ni.

Ìyàwó mi ní kí a dà á nù lálẹ́, kí a dákẹ́. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá yóò bi wá bí ó ti dùn sí, irọ́ kan yóò sì máa bí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ nílé wa, ẹni tó dá ẹ̀bùn àgbà padà ti rí i fín. Lọ́jọ́ kejì mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, mo fi ìwọ̀nba èdè wọn tí mo gbọ́ wí pé, “Ẹ má bínú, Mà. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fẹnu kan ọtí, ìbáà jẹ́ nínú ọbẹ̀.” Ó dákẹ́ lọ kánrin. Mo rò pé ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́. Nígbà tó yá ó ní, “Kí wá lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́?”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gòkè wá sí ilé ìdáná wa. A rẹ konbu tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ sínú omi fún 30 ìṣẹ́jú, a gbé e kaná, a yọ ọ́ kí omi tó hó, a fi ẹ̀kúnwọ́ katsuobushi sí i, a sì sẹ́ ẹ. Sí 400 mìlílítà omi yìí ni a da 100 mìlílítà shoyu, ṣúgà ṣíbí ìjẹun méjì sì gba ipò mirin. A jẹ́ kí ó hó lẹ́ẹ̀kan, a gbé e sínú fíríìjì. Màmá tọ́ ọ wò, ó fajú ro díẹ̀. Ó ní adùn rẹ̀ pé, kò kàn dán ni. Òótọ́ ni, kò dán. Bẹ́ẹ̀ ló jẹ abọ́ méjì, pẹ̀lú atalẹ̀ rírin àti ewé àlùbọ́sà, ó ń fà á wọ ẹnu tariwo-tariwo bí ìṣe wọn. Àwọn ọmọ mi tí a máa ń bá wí nítorí irú ariwo bẹ́ẹ̀ wo ojú mi. N kò sọ nǹkan kan.

Shoyu náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ọtí díẹ̀ a máa jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá ń kan, àwọn onímọ̀ kan kò sì ka èyí sí èèwọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe é a tún fi ọtí sí i kí ó má baà hu. Shusei ni wọ́n ń pè é, àmì méjì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára ìgò: 酒精. Ìtòsí Mọ́sáláṣí Kobe, èyí tí wọ́n ṣí ní 1935, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Jápáànì, ni wọ́n ti fi àmì yìí hàn mí, mo sì fi han Màmá. Ìgò tí wọ́n kọ hàlálì sí pàápàá ti wà lọ́jà nísinsìnyí.

Láti ọdún náà, àpótí onígi nìkan ni Màmá ń gbé wá. Nígbà ooru tó kọjá, ó kan ilẹ̀kùn wa, ìgò shoyu tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ojú òun kò gbé ìwé wẹ́wẹ́ mọ́, kí n bá òun wò ó bóyá àmì méjì yẹn wà níbẹ̀. Mo gbà á, mo yí i sí ìmọ́lẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n tètè gbé omi kaná, ebi ń pa òun.