Pípọn Ẹrù: Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ Lórí Yíyan Àpò Ẹ̀yìn

Àpò tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní sac à dos, ti mọ́ wa lójú débi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ kí a tó rà á. Àwọ̀ rẹ̀ ni a ń wò, tàbí àwòrán tí ó wà lára rẹ̀, tàbí iye owó rẹ̀. Fún ẹni tí kò lọ jù láti ilé dé ilé-ìwé, bóyá èyí tó. Fún ẹni tí yóò rin kìlómítà 10, tí yóò sì tún gun òkè, kò tó rárá.

Nígbà ọyẹ́, àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa ń lọ gun àwọn òkè àpáta Sábẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí ó máa ń kẹ́yìn nígbà gbogbo. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Ọ̀lẹ. Orúkọ náà sì ti fẹ́ mọ́ ọn lára. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ní ẹsẹ̀ òkè, ó sọ fún wa pé òun kò ní bá wa lọ mọ́. A ní kí ó gbé àpò náà kọ́ ẹ̀yìn kí a wò ó. Àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni. Ó gùn kọjá ìdí rẹ̀, ó ń lù ú ní itan bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀, igò omi rẹ̀ méjèèjì sì wà ní ìhà tí ó jìnnà jù sí ara rẹ̀.

Ìyá kan tí ó ń ta àkàrà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Olùkọ́, ṣé ẹ ò rí i pé kò pọn ẹrù yẹn dáadáa ni? Ọmọ tó bá ti yọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn ìyá ẹ̀, ńṣe ni á máa fà á sẹ́yìn."

Ìyá náà ti sọ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí ó ń pọn ọmọ a bẹ̀rẹ̀, a gbé ọmọ sókè, a fi aṣọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, a sì fi ọ̀já gbá ìdí ọmọ mọ́ra pinpin. Èjìká kọ́ ni ó ń gbé ọmọ náà. Ìbàdí àti ẹsẹ̀ ni. Dick Kelty, ará California, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta àpò fún àwọn arìnkè ní 1952, wà lára àwọn tí ó sọ ìgbànú ìbàdí di ohun tí gbogbo ayé ń lò lára àpò. A kí i. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa kò dúró dè é.

Nítorí náà, gígùn ẹ̀yìn ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n, kì í ṣe gígùn ènìyàn. Ẹ tẹ orí ba, ẹ fi ọwọ́ wá egungun tí ó yọ ní ìpìlẹ̀ ọrùn. Láti ibẹ̀, ẹ fi okùn ìwọ̀n àwọn aránṣọ wọn ẹ̀yìn wálẹ̀ títí dé ibi tí ó bá orí egungun ìbàdí dọ́gba. Ti ọmọ náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 41. Àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ ẹ̀yìn tí ó ju 50 lọ. A wá èyí tí ó kúrú rà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta àpò àlòkù, ẹni tí ń rán bàtà sì bá wa rán ìgbànú fífẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Nígbà tí a tún jáde, àárín ni ó ń rìn, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí orúkọ igi kan. Kò sí ẹni tí ó rántí pe Ọ̀lẹ.

Ẹ má ṣe ra àpò ní òfìfo. Gbogbo àpò ni ó dùn-ún gbé nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àwa a máa mú igò omi mẹ́ta dání lọ sí ọjà, a ó kó wọn sínú àpò náà, a ó sì rìn yí àtẹ ká. Kí àwọn ọlọ́jà máa wò wá. Lítà 20 sí 30 ti tó fún ìrìn ọjọ́ kan. Èyí tí ó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó ṣáà wá nǹkan kún un ni.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ dẹ gbogbo okùn rẹ̀ ná. Ẹ fi ìgbànú lé orí egungun ìbàdí, kì í ṣe orí ikùn, kí ẹ dì í le. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa okùn èjìká, níwọ̀nba tí àpò yóò fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Okùn àyà ni ó kẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ dí èémí. Ohun tí ó wúwo ni kí ó súnmọ́ ẹ̀yìn jù, ní agbedeméjì. Aṣọ àti ohun fífúyẹ́ ni kí ó wà nísàlẹ̀. Lórí àpáta dídán, àpò tí ó ń mì lè gbé ènìyàn ṣubú.

Ní ti ìwúwo, ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹrù ọmọ ilé-ìwé má ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan: ọmọ tí ó wọn kílò 40, tí ó sì gbé lítà 2, ti lo ìdajì ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí ó tó fi oúnjẹ sí i. Omi kò ṣeé dín kù ní ilẹ̀ wa. Ìwé ni kí ó dúró sílé.

Ó ku ibì kan ṣoṣo tí kò yẹ kí a ti di ìgbànú náà: inú omi. Bí ẹ bá fẹ́ la ọ̀kan kọjá nínú àwọn odò kéékèèké wa, ẹ tú ti ìbàdí, ẹ tú ti àyà, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, àpò nìkan ni omi yóò gbé lọ.