Kí A Tó Ra Ọkọ̀ Tòkunbọ̀: Níbo Ni Ọ́ìlì Ti Ń Jò?

Orúkọ ọmọ ni Tòkunbọ̀ láti ìgbà àwọn baba wa. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí a sì gbé wá sílé, ni à ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, bí a bá dárúkọ náà ní Adó-Àwáyè, ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ṣakí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí, èyí tí àwọn ará ìlú òkèèrè ti lò kí ó tó gba ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni òfin Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka kíkó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé léèwọ̀. Síbẹ̀, òfin kò lè bá ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ẹni tí yóò sanwó ni yóò wò ó.

Owó tí olùkọ́ fi ń ra ọkọ̀ kì í ṣe owó tí a rí he. Owó ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ ni, tí a óò máa yọ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí ọ́ìlì bá sì tán nínú ẹ́ńjìnnì, àwọn irin tí ń yí nínú rẹ̀ yóò ha ara wọn jẹ títí yóò fi kú. Nígbà náà ni onílé yóò máa san gbèsè ọkọ̀ tí kò lè rìn, tí yóò sì máa fi ẹsẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Nígbà ọyẹ́ kan, a bá olùkọ́ kan, ọ̀rẹ́ wa, lọ wo ọkọ̀ kan ní Ìsẹ́yìn, a sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan dání. Nígbà tí wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì náà ń dán bí àwo tuntun. Inú ọ̀rẹ́ wa dùn, ṣùgbọ́n ti mẹkáníìkì kò dùn. Eruku pupa bo gbogbo ohun tí ó wà ní àgbàlá náà, ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò ní eruku lára. Ibi tí ọ́ìlì bá sì ti ń jò ni eruku máa ń lẹ̀ mọ́ jù lọ. Ẹni tí ó bá fọ eruku náà kúrò ti fọ ẹ̀rí kúrò.

Ó wí fún ẹni tí ń tà á pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a wà á díẹ̀ ká, kí ó lè gbóná.” Nígbà tí a padà dé, ó tẹ́ páálí sí abẹ́ rẹ̀, a sì jókòó dúró. Omi mímọ́ kọ́kọ́ kán sílẹ̀. Ó ní láti ara ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ tutù ni, kì í ṣe àrùn. Bí ó bá pupa, a jẹ́ pé ọ́ìlì gíà ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé tí ó sì ń rùn bí ohun dídùn, omi rẹ́díétọ̀ ni. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kán dúdú méjì bọ́ sílẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni.

Gbogbo ẹni tí ó ti dé Adó-Àwáyè mọ Òkè Adó, níbi tí adágún Ìyàkẹ̀ wà lórí àpáta. Nígbà òjò, omi a máa ṣàn lára àpáta náà títí dé ẹsẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé tí yóò wí pé ẹsẹ̀ òkè ni omi náà ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì rí. Ibi tí ó ń kán sí kọ́ ni ó ti ń jò. Atẹ́gùn a sì tún máa fẹ́ ẹ sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ń sáré. Ibi tí ó ga jù lọ lára ibi tí ó tutù ni kí a wá.

Agbedeméjì ẹ́ńjìnnì àti gíà ni ẹ̀kán wọ̀nyí ti ń bọ́. Mẹkáníìkì náà fi àkísà funfun nu ẹ̀yìn ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, nítorí bí gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ bá ń jò, ọ́ìlì lè ṣàn gba ẹ̀yìn wá sí ibì kan náà, àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Àkísà náà mọ́. Nígbà náà ni ó wí pé, “Bàbá, ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn ni. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n a ní láti sọ gíà kalẹ̀ kí ọwọ́ tó tó o.”

Ọ̀rẹ́ wa dúró pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, nítorí ìwọlé ilé-ẹ̀kọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní òun yóò rà á bí a bá yọ owó iṣẹ́ náà kúrò. Ẹni tí ń tà á kò gbà. A gun ọ̀kadà padà wálé, owó olùkọ́ sì wà lọ́wọ́ olùkọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ń jò ni kí a kọ̀. Èyí tí a kò mọ orísun jíjò rẹ̀ ni kí a má ṣe rà. Ẹ bẹ ẹni tí ń tà á kí ó má tíì gbóná kí ẹ tó dé. Bí ó bá ń yọ èéfín tí ó fara jọ aró, ó ń jó ọ́ìlì nínú. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Bí ẹ bá rí ohun tí ó dà bí ògì níbẹ̀, omi ti bá ọ́ìlì pọ̀, ẹ máa lọ sílé. Ẹ sì mú páálí kan àti àkísà funfun kan dání. Wọn kò wúwo, wọn kò sì mọ bí a ti ń tan ènìyàn jẹ.