Òpó Òkúta Etí Òkun Ireland

Ibì kan wà ní etí òkun Àríwá Ireland, ní Antrim, tí wọ́n ń pè ní Giant's Causeway. Ọmọ mi tó ń gbé ní Belfast ló mú mi dé ibẹ̀. Òpó òkúta bí 40,000 ló fara ti ara wọn níbẹ̀. Onígun mẹ́fà ló pọ̀ jù nínú wọn, èyí tó ga jù sì tó mítà 12. Béèyàn ò bá mọ̀, á ní àwọn agbẹ́kùúta ló gbẹ́ wọn.

Àwọn àgbà ibẹ̀ ní òmìrán kan, Finn McCool, ló tò wọ́n kó lè gba orí òkun lọ bá ọ̀tá rẹ̀ jà ní Scotland. Irú òkúta kan náà sì wà ní erékùṣù Staffa lọ́hùn-ún. Ẹ má fi ìtàn wọn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwa náà ní tiwa.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ ibẹ̀ là, òkúta yíyọ́ gbígbóná tú jáde, ó sì kún àfonífojì. Bó ṣe ń tutù ló ń súnkì. Ẹ wo ẹrẹ̀ odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: bó bá gbẹ, á sán. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta yìí sán. Sísán náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè àti ìsàlẹ̀ tó kọ́kọ́ tutù, ó ń wọ inú lọ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi di òpó. Olúmọ àti òkè Ìdànrè kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni òkúta tiwọn ti dì. Àwọn ará wa ní Cuba, tí wọ́n ń so Aganjú mọ́ òkè tó ń yọ iná, á mọ irú agbára tí mò ń wí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Àwọn àlejò a máa ki owó ẹyọ bọ àárín àwọn òkúta náà, wọ́n ní fún oríire tàbí ìfẹ́. Owó náà á dípẹtà, á wú, á sì fọ́ etí òkúta. National Trust tó ń tọ́jú ibẹ̀ bẹ àwọn èèyàn ní 2025 pé kí wọ́n jáwọ́. Àwa tí a mọ ẹbọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá ọwọ́ wa níbẹ̀. Ẹbọ tó ń ba ilé onílé jẹ́ kì í ṣe ẹbọ. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹ wúre, ẹ kìlọ̀ fọ́mọ. Ẹ má sì ṣa òkúta ibẹ̀ wá sójúbọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.