Fíláàṣì Ẹ̀ẹ̀kan

Wọ́n máa ń ní ọjà Ọ̀yìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Irọ́ ni o. Bàbá Alájọ mọ̀. Tí o ò bá sí ní ìsọ̀ láàárọ̀, Bàbá á bi ará ìsọ̀ kejì, á tún yà padà lọ́sàn-án. Káàdì kan lọ́wọ́ ẹ, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Tóṣù bá parí, owó ọjọ́ kan ni Bàbá ń mú.

Ìyẹn lèmi fẹ́ tún ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ń parí OND mi nígbà náà, mo nílò iṣẹ́ àṣekágbá, ìyá mi sì ń ta ata ní Ọ̀yìngbò. Mo ní kí n kọ ètò kan sórí fóònù tí Bàbá á máa fi gbàjọ.

Àsìkò náà bọ́ sí i. Oṣù kejì ọdún 2023 ni, ìgbà tí náírà wọ́n bí ojú. Báǹkì àpapọ̀ ti kéde ní oṣù kẹwàá 2022 pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ 200, 500 àti 1000 náírà, àwọn èèyàn wá ń tò sídìí ATM láti ìdájí. Àwọn ìyá tí kì í fẹ́ gbọ́ "transfer" sétí ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí. Kò sẹ́ni tó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ata tó fẹ́ bàjẹ́ ló kọ́ wọn.

Kì í kúkú ṣe òní. Lẹ́yìn tí GSM dé ní 2001, tí ìṣẹ́jú kan ń gba nǹkan bí 50 náírà, kí Glo tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú àáyá gbowó ní 2003, ìyá mi àti awakọ̀ tó ń kó tòmátì wá láti Òkè Ọya ti ní àdéhùn: fíláàṣì kan, mo ti wọ Èkó, méjì, ẹ jáde wá gbẹrù. Kọ́bọ̀ ò jáde.

Ètò mi dùn mọ́ mi. Bí Bàbá bá ti tẹ owó sínú fóònù, ọ̀rọ̀ á wọlé sórí fóònù ẹni tó dájọ: iye tòní, àti gbogbo iye tó ti wà nílẹ̀. Apá ìkẹyìn yìí ni mo fi ń yangàn. Ìyá mẹ́jọ ló gbà. Ìyá Elélùbọ́ ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. "Ọkọ mi, tìẹ ni mo máa ṣe."

Ọ̀sẹ̀ kẹta, mi ò rí i ní ìsọ̀. Nígbà tó padà wá, ó kàn dá ìkíni mi lóhùn lẹ́nu lásán. Ìyá mi ló fà mí sẹ́yìn àwọn apẹ̀rẹ̀ ata. Ọ̀rọ̀ mi wọlé lálẹ́, fóònù wà lọ́wọ́ ọkọ Ìyá Elélùbọ́. Ó kà á: ₦47,500. Ó ní ṣé owó wà nílẹ̀ báyìí lòun ń yáwó ra táyà? Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti gba àjọ náà lọ́wọ́ Bàbá. Owó WAEC ọmọ ẹ̀ obìnrin ló wà níbẹ̀.

Inú ìró ni káàdì Bàbá máa ń wà. Káàdì kì í dún lóru.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ Ọ̀yìngbò, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

"Dìde. Ìwọ kọ́ lo náwó. Ṣùgbọ́n ta ló ní kẹ́ ẹ máa ròyìn owó mi fún mi? Ṣé mi ò mọ iye tí mo dá ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Nínú ìwé ìbéèrè tí mo pín fún wọn, mo bèèrè ọjọ́ orí, mo bèèrè irú fóònù. Mi ò bèèrè ta ló tún ń lo fóònù náà.

Mo yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Àkọsílẹ̀ wà lórí fóònù Bàbá nìkan. Bó bá ti tẹ owó wọlé, fóònù ẹ̀ á ṣe fíláàṣì ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò á rí nọ́ńbà Bàbá Alájọ, ó tán. Olùkọ́ mi ní mo ti padà sẹ́yìn, ó sì gé máàkì mi. Ọmọ yẹn ò kọ WAEC lọ́dún náà, 2024 ló tó kọ ọ́.

Ìyá Elélùbọ́ ò sọ fún mi pé òun padà sínú ètò náà. Mo kàn yà kí i lọ́jọ́ kan, ó ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ìró ẹ̀, ó dákẹ́. Kò wò ó. Ó bu èlùbọ́ lé e, ó fi ọwọ́ tẹ́ ojú kóńgò.