Ẹkún ọmọ nínú ìrun Jímọ̀

Ọmọ ìkókó kan bú sẹ́kún lẹ́yìn wa lónìí, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin.

Lèmọ́mù wa fẹ́ràn súrà gígùn.
Lónìí, wọ́n yára parí kíkà, wọ́n lọ sí rúkúù.
A kírun tán, wọn ò bá ìyá ọmọ wí. Wọn ò tilẹ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ náà.

Ànábì Muhammad náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹkún ọmọdé, wọ́n á dín ìrun kù, nítorí ọkàn ìyá rẹ̀.

Irú aṣáájú tó ń ro ti ẹlòmíì báyìí mú mi rántí màmá mi nídìí ìkòkò.
Wọ́n á bù fún gbogbo wa, wọ́n á wo abọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó wá ha ìsàlẹ̀ ìkòkò fún ara wọn.
Ọ̀rọ̀ wọn ni gbogbo ilé ń tẹ̀ lé. Mi ò rántí pé wọ́n pariwo.

Mo tún rántí Kanu, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ní Òlíńpíìkì 1996.
Brazil ti fi 3-1 ṣáájú Nàìjíríà. Okocha tiwa gbá pẹnáritì, Dida, aṣọ́lé Brazil, mú un.
Kanu ni kápútéènì wa. Ọjọ́ kejì ló máa tó pé ọmọ 20 ọdún!
Ikpeba gbá ìkejì wọlé fún wa. Kanu gbá ìkẹta, ó tún gbá ìkẹrin tó parí ìjà.
Pẹnáritì Okocha ò wá di ẹ̀bi mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dín ìrun kù nítorí tiyín rí?