A Kì Í Fi Ètè Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni kúkà màámi kú. Kì í ṣe orí rẹ̀ tí a ń fi gáàsì dáná ni ó kú o. Apá ìsàlẹ̀ tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná, tí a fi ń yan kéèkì, tí a ń pè ní oven, ni mò ń wí. Nọ́ńbà tó máa ń tàn lójú rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó dún pàá, ó sì dákẹ́. Màámi káwọ́ lérí. Wọ́n ti gba owó kéèkì ìgbéyàwó alájà mẹ́ta sílẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ó sì gbé e lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Kí ẹ lè mọ ohun tí kúkà yìí jẹ́ nínú ilé wa, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọjà Akẹ̀sán, ní ìlú Ọ̀yọ́, ni màámi ti ń tajà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, iná jó ọjà náà. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé bí màámi ṣe wọlé tí eérú wà lára ìró wọn, tí wọn kò sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún ọjà náà kọ́ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ẹrù tó jó mọ́ ìsọ̀ màámi kò padà. Wọ́n lọ kọ́ bí a ṣe ń yan kéèkì, wọ́n sì fi owó àjọ ra kúkà tòkúnbọ̀ kan tó wá láti Ìlú Ọba. Ara rẹ̀ ni owó ilé ìwé mi ti ń jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni màámi ránṣẹ́ sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bọ̀ọ̀dá mi ń gbé. Màámi fẹ́ kí wọ́n lọ sí LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1990. Bọ̀ọ̀dá mi dé Ògbómọ̀ṣọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún ẹ̀rọ ilé ṣe ní Tákìẹ́ ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ni ọkàn àwọn fẹ́. Ọdún kẹta nìyẹn, màámi kò sì tíì dé ìsọ̀ náà rí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọmọkùnrin wọn lọ́wọ́ wọn, wọn a ní, "Ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́," wọn a sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Bọ̀ọ̀dá mi dé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n tú ẹ̀yìn kúkà, wọ́n sì yọ bóòdù rẹ̀. Bóòdù yìí ni ọpọlọ kúkà. Òun ni ó ń mọ bí inú oven ṣe gbóná tó, òun ni ó ń tan irin tó ń gbóná, òun náà ni ó sì ń pa á. Ibì kan lára rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bíi rọ́bà tó jó. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì padà dé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú òmíràn tí ọ̀gá wọn yọ lára irú kúkà kan náà. ₦35,000 ni. Inú owó tí màámi ń kó jọ fún ìdánwò WAEC mi ni wọ́n ti yọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá mi de bóòdù náà mọ́ ibẹ̀, wọ́n tan iná, nọ́ńbà sì yọ. Màámi ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti tan oven báyìí, bóòdù dún kẹ́, nọ́ńbà kú. Ó tún tàn, ó tún dún kẹ́, ó tún kú. Oven tutù bí omi àmù.

"Bóòdù tó ti bàjẹ́ ni wọ́n tà fún ọ," ni màámi wí.

"Rárá, mà. A dán an wò ní ìsọ̀ kí n tó gbé e."

"Ta ló dán an wò? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń jókòó ní kíláàsì yunifásítì, ìwọ ń gbé bóòdù kiri. Owó ìdánwò àbúrò rẹ ni o fi ṣòfò yẹn!"

Bọ̀ọ̀dá mi tẹrí ba, wọn kò fèsì. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu mi gbẹ, nítorí mo mọ ohun kan tí àwọn méjèèjì kò mọ̀. Mo lọ sùn, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí.

Iná tó lọ lálẹ́ padà dé ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ẹtì. Mo gbọ́ ìró irinṣẹ́ ní kíṣìnì, mo sì dìde lọ bá bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n ti yọ kúkà kúrò lára iná, wọ́n sì ń fi mítà wọn wo irin ìgbóná. Ó kọ 23.

"Ìwọ tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì, kí ni Ohm wí?" ni wọ́n bi mí.

Ará Jámánì ni Ohm, ní 1827 ni ó sì tẹ òfin rẹ̀ jáde. Mo mú bírò, mo sì ṣe é: fọ́ọ̀tì 230 lọ́nà 230, kí a pín in sí 23, ó jẹ́ 2,300. Iye wáàtì tí wọ́n kọ sí ara kúkà gan-an nìyẹn. Irin kò lẹ́bi. Bọ̀ọ̀dá mi tún fi kúkà sí iná, wọ́n ní kí n dúró lókèèrè, wọ́n sì wọn iná tó ń dé ẹ̀yìn rẹ̀: 222.

"Ó pé," ni mo wí.

"Ó pé nígbà tí kò gbé ẹrù. Tan oven."

Mo tàn án. Nọ́ńbà mítà já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 150, bóòdù sì kú. Wọ́n wọn ti ara ògiri nígbà tí oven ń gbìyànjú láti tàn: 217. Bọ̀ọ̀dá mi rọra gbé mítà sílẹ̀.

"Iná pé lára ògiri, kò pé lára kúkà. Àárín méjèèjì ni ọ̀ràn wà. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti wọ́ kúkà yìí kúrò níbi tó wà?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Mo fẹ́ gbálẹ̀ abẹ́ kúkà lọ́jọ́ kan, n kò sì pe ẹnikẹ́ni. Wáyà rẹ̀ ni mo dì mú tí mo fi wọ́ ọ síwájú. Nǹkan kan ta pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo tì í padà, oven ṣì ń ṣiṣẹ́, mo sì pa ẹnu mi dé. Nígbà tó yá, rọ́bà ń rùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí màámi bá béèrè pé kí ló ń rùn, màá ní bóyá bọ́tà ló dà sílẹ̀. Kì í ṣe ẹgba ni mo ń bẹ̀rù. Ojú tí màámi fi wọlé lọ́jọ́ iná Akẹ̀sán ni n kò fẹ́ rí mọ́.

Mo sọ ọ́ fún bọ̀ọ̀dá mi láìfi nǹkan kan pamọ́. Wọn kò bú mi. Wọ́n pa iná láti ìta, wọ́n yọ wáyà kúrò lára ògiri, wọ́n fi tẹ́sítà wò ó pé iná ti tán lára rẹ̀, kí wọ́n tó ṣí ibi tí wáyà ti wọ ẹ̀yìn kúkà. Ọ̀kan nínú àwọn wáyà náà ti dẹ̀, orí rẹ̀ dúdú bí èédú, ike tó bò ó sì ti yọ́.

"Bóòdù nìkan kò gba iná púpọ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi ń tàn," ni bọ̀ọ̀dá mi wí. "Ṣùgbọ́n nígbà tí irin bá fẹ́ gba tirẹ̀, ibi tó dẹ̀ yìí kò lè gbé e. Iná á máa ta pàrà níbẹ̀. Òun ló pa bóòdù àkọ́kọ́, ìbá sì pa èkejì. A fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá." Wọ́n wò mí. "Èmi kọ́ ni n ó sọ fún màámi o."

Mo kúnlẹ̀ níwájú màámi lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, mo sì jẹ́wọ́. Wọ́n tẹ̀ lé mi wá sí kíṣìnì, wọ́n wo orí wáyà tó jó, wọ́n wo àpò fúláwà méjì tó wà nílẹ̀ nítòsí rẹ̀, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé Akẹ̀sán ni wọ́n ń rí. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni wọ́n sọ̀rọ̀, kì í sì ṣe èmi ni wọ́n bá sọ ọ́.

"Ọkọ mi," ni wọ́n wí fún bọ̀ọ̀dá mi, "má bínú sí mi."

N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu màámi rí. Bọ̀ọ̀dá mi dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kò sí ìbínú. Wọ́n gé ibi tó jó kúrò lára wáyà, wọ́n fi orí tuntun sí i, wọ́n sì dè é le. Nígbà tí a tan oven, mítà kọ 216, ó sì dúró síbẹ̀. Ní aago méjìlá ọ̀sán, òórùn kéèkì ti gba gbogbo àdúgbò.

A gbé kéèkì dé Ògbómọ̀ṣọ́ láyọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tí a ń bọ̀, màámi ní kí awakọ̀ já wa sí Tákìẹ́. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ìsọ̀ náà, wọ́n kí ọ̀gá bọ̀ọ̀dá mi kú iṣẹ́, wọ́n sì ń wo ọmọ wọn bí ó ṣe ń tú fáànù kan. A kò tètè kúrò níbẹ̀.

Èmi ni mò ń fọ gbogbo páànù kéèkì ilé wa títí di òní. Màámi ní n kò tíì san ₦35,000 náà tán. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà nílé wa. Tẹ́lẹ̀, bí nǹkan bá bàjẹ́, "Ta ló bà á jẹ́?" ni màámi máa ń kọ́kọ́ béèrè, gbogbo wa a sì dákẹ́. Nísinsìnyí, "Ta ló lò ó kẹ́yìn, kí ló sì rí?" ni wọ́n ń béèrè. Ìbéèrè yẹn rọrùn láti dáhùn. Mítà bọ̀ọ̀dá mi mọ iye iná tó wà lára wáyà, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó wọ́ kúkà. Ẹnu ẹni tó ṣe é nìkan ni a ti lè gbọ́ ìyẹn.